Ọjọ́ mẹ́fà ní àfonífojì Vézère àti Dordogne: ṣé ẹ̀dà Lascaux tó ohun tí à ń sanwó wò?

Àrẹ̀mú_Leeds

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí, ẹ̀yin ará. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹsàn-án, èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa méjì (ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ) àti màmá mi tí wọ́n ti pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, tí wọ́n ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́, fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́fà ní ìgbèríko Périgord, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé. A kò fẹ́ Paris; a ti lọ síbẹ̀ rí, ariwo rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí a ń wá ni ilé olódi àtijọ́, ihò àpáta tí àwọn ènìyàn ìgbà ìwáṣẹ̀ ya àwòrán sí, àti odò tí àwọn ọmọ lè wa ọkọ̀ lórí rẹ̀.

Mo ti kọ orúkọ ibi mọ́kànlá sílẹ̀: Lascaux, Font-de-Gaume, Rouffignac, Sarlat, Beynac, Castelnaud, La Roque-Gageac, Domme, Milandes, Rocamadour àti Padirac. Ìyàwó mi wo ìwé náà, ó ní ṣé ìsinmi ni à ń lọ ni àbí a fẹ́ lọ sin ìwọ̀fà. Ìbéèrè mi méjì nìyí. Èkíní, èwo ni kí a yọ kúrò, nítorí pé orúnkún màmá kò gba òkè gígùn mọ́? Èkejì, wọ́n ní ihò alàwòrán Lascaux tí wọ́n ń jẹ́ kí ènìyàn wọ̀ nísinsìnyí kì í ṣe ojúlówó, pé ẹ̀dà ni wọ́n kọ́. Ṣé ẹ̀dà tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ wọ bàálù?

Ìyá_Tóbi (Bordeaux)

Àrẹ̀mú, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń gbé Bordeaux, kò sì sí ọdún kan tí n kì í kó àwọn ọmọ lọ sí ìhà ibẹ̀. Ìyàwó yín ló jàre. Ẹ yọ Rocamadour àti Padirac. Kì í ṣe pé wọn kò dára o: Rocamadour lẹ̀ mọ́ ara àpáta bí ilé agbọ́n, Padirac sì jẹ́ ọ̀gbun tí ó jìn tó mítà 103, tí odò ń ṣàn ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé ènìyàn kọjá nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n ẹkùn Lot ni àwọn méjèèjì wà, ojú ọ̀nà ibẹ̀ lọ́ bí ejò, àtẹ̀gùn wọn sì pọ̀. Odindi ọjọ́ kan nínú mẹ́fà ni ẹ óò fi jóná, orúnkún màmá yóò sì fi ọjọ́ kejì ṣàròyé.

Ẹ gba ilé sí àárín Les Eyzies àti Sarlat, kí ẹ má sì kó ẹrù kúrò níbẹ̀ títí ẹ óò fi padà. Odò méjì ni ẹ fẹ́ mọ̀. Ẹ̀bá Vézère ni àwọn ihò àpáta wà. UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àjùmọ̀ní aráyé ní 1979 nítorí pé ibi tí ènìyàn ìgbà ìwáṣẹ̀ fi àmì sílẹ̀ sí níbẹ̀ jẹ́ 147, tí ihò alàwòrán sì jẹ́ 25, gbogbo rẹ̀ ní àfonífojì tí ẹni tó jí ní kùtùkùtù lè fi ọkọ̀ là já kó tó di ọ̀sán. Ẹ̀bá Dordogne ni àwọn ilé olódi wà.

Ohun kan tí ó máa ń bá àwọn ènìyàn wa lójijì ni oúnjẹ. Láti aago méjìlá sí aago méjì ni wọ́n ń jẹun ọ̀sán ní ìgbèríko yìí. Ẹni tí ó bá dé ilé oúnjẹ ní aago méjì ààbọ̀ yóò bá àga lórí tábìlì, ẹ̀bẹ̀ kò sì ní sọ wọ́n kalẹ̀. Ẹ lọ sí ọjà Sarlat ní àárọ̀ Ọjọ́rú tàbí Sátidé, kí ẹ ra búrẹ́dì, wàràkàṣì àti èso pamọ́ sínú ọkọ̀. Àsálà òyìnbó ni wọ́n ń gbìn jù níbẹ̀, wọ́n ń fún òróró rẹ̀, wọ́n ń fi ṣe àkàrà òyìnbó, wọ́n sì ń se pẹ́pẹ́yẹ nínú ọ̀rá ara rẹ̀ títí ẹran yóò fi máa bọ́ lára egungun.

Bàbá_Ṣọ́wó

Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀dà, èmi kò lè sanwó wò ó láéláé. Ẹni tí ó ní òun rí ọba, tí ó sì jẹ́ pé fọ́tò ọba ni ó rí, kí ni à ń pe ọ̀rọ̀ rẹ̀? Ẹ fi owó yẹn jẹ pẹ́pẹ́yẹ.

Olùkọ́_Ìtàn (Ìbàdàn)

Bàbá Ṣọ́wó, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí ẹ̀dà fi wà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1940, nígbà tí Jámánì ti ṣẹ́gun ilẹ̀ Faransé, ọ̀dọ́ kan tí ó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Montignac, Marcel Ravidat, kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, Jacques Marsal, Georges Agniel àti Simon Coencas, lọ sí ihò kan tí ó ti ṣàkíyèsí nínú igbó ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Wọ́n gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kí ó fẹ̀, wọ́n rá wọlé, ìmọ́lẹ̀ àtùpà wọn sì bọ́ sára màlúù, ẹṣin àti àgbọ̀nrín tí ojú ènìyàn kò tíì tún kàn láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Àwòrán náà ti lé ní 17,000 ọdún. Akọ màlúù kan wà níbẹ̀ tí gígùn rẹ̀ ju mítà 5 lọ.

Ní 1948 ni wọ́n ṣí i fún ará ìlú. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ẹni tí ó ń wọlé lójúmọ́ ti ju 1,000 lọ. Ẹ wá rò ó: ihò tí ó ti wà ní títì pa láti ayébáyé, tí atẹ́gùn inú rẹ̀ kò yí padà, ẹgbẹ̀rún ènìyàn ń mí sínú rẹ̀, wọ́n ń làágùn sínú rẹ̀, iná mànàmáná sì ń tàn sí ara ògiri. Ohun aláwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí hù lára àwòrán, irú èyí tí ó máa ń hù sí ògiri kànga. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohun funfun kan bí ẹfun tún ń bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ní 1963, nígbà tí André Malraux jẹ́ mínísítà àṣà, ìjọba tì í pa. Ravidat àti Marsal tí wọ́n rí ihò náà ni wọ́n ti di afinimọ̀nà níbẹ̀, ojú wọn náà ni ilẹ̀kùn sì ṣe padé.

Ẹ̀dà àkọ́kọ́, Lascaux II, ṣí ní 1983 ní nǹkan bí igba mítà sí ojúlówó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni obìnrin ayàwòrán kan tí ń jẹ́ Monique Peytral fi ń ya àwòrán inú rẹ̀, tí ó ń lo irú amọ̀ pupa àti èròjà dúdú tí àwọn ará ìgbà ìwáṣẹ̀ lò. Lascaux IV, tí ó tóbi jù, tí ó sì kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú ihò náà jọ, ṣí ní ìparí ọdún 2016 ní ẹsẹ̀ òkè. Mo ti wọ méjèèjì. Kò sí àtẹ̀gùn tí yóò yọ màmá lẹ́nu nínú IV, wọ́n sì mú kí inú rẹ̀ tutù bí ihò gidi, nítorí náà kí ẹ mú aṣọ òtútù dání. Mo ní kí ẹ lọ, kí ẹ sì lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, nítorí pé ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń kọ́ bí a ṣe ń wo irú àwòrán yìí. Ojú tí kò bá tíì kọ́ ọ kò ní rí ìdajì ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ nínú òkùnkùn àwọn ihò yòókù.

Bàbá_Ṣọ́wó

Olùkọ́, mo gbọ́ àlàyé yín, mo sì gbà pé wọn kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìdí rere tí wọ́n fi ṣe ẹ̀dà kò sọ ẹ̀dà di ojúlówó. Ṣé kò wá sí ihò kankan tí ojúlówó rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀ ni?

Ọmọ_Àjàṣẹ́ (Toulouse)

Ó wà, ẹ̀gbọ́n, òun gan-an ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Font-de-Gaume wà ní ẹnu ọ̀nà Les Eyzies. Ọdún 1901 ni olùkọ́ ilé ìwé ibẹ̀, Denis Peyrony, ṣe àwárí àwòrán inú rẹ̀. Ojúlówó ni, àwọ̀ púpọ̀ ni wọ́n fi kùn ún, ó sì ṣì ń gba àlejò. Ṣùgbọ́n iye ènìyàn tí wọ́n ń jẹ́ kí ó wọlé lójúmọ́ kéré gan-an, nítorí náà kí Àrẹ̀mú wá tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí ó tó wá tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Ọ̀nà tí ó gun òkè dé ẹnu ihò jẹ́ nǹkan bí irinwó mítà, kò sì tẹ́jú. Màmá nìkan ni yóò lè sọ bóyá orúnkún wọn yóò gbà á.

Mo wọ ibẹ̀ ní ọdún kan nínú oṣù Kẹta. Ihò náà há débi pé èjìká mi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ògiri, a kò sì gbọdọ̀ ya fọ́tò. Afinimọ̀nà gbé iná kékeré rẹ̀ sí ibì kan, a kò rí nǹkan kan ju òkúta lọ. Ó wá yí iná náà sí ẹ̀gbẹ́, ó ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀, àgbọ̀nrín ilẹ̀ olótùútù méjì sì jáde wá. Akọ dúró, ó tẹrí ba. Abo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, akọ ń fi ahọ́n lá a ní iwájú orí. Ẹni tí ó gbẹ́ ahọ́n yẹn kò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ láàrin wa.

Ibì kejì ni Abri du Poisson, ní ẹ̀gbẹ́ Les Eyzies bákan náà. Ibi ìfarapamọ́ kékeré kan lábẹ́ àpáta ni, ìwé àṣẹ ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Ẹja sàmọ́ọ̀nù kan ni wọ́n gbẹ́ sí àjà rẹ̀, gígùn rẹ̀ tó mítà kan. Ohun tí ó kọ́kọ́ gba ojú mi kì í ṣe ẹja náà bí kò ṣe kòtò jíjìn tí wọ́n fi irin gbẹ́ yí i ká. Ní 1912 tí wọ́n rí i, àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí gé e kúrò lára àpáta kí wọ́n lè tà á fún mùsíọ́mù kan ní Berlin, kí wọ́n tó dá wọn dúró. Ọdún méjì péré ṣáájú ìyẹn ni Leo Frobenius, ará Jámánì, wà ní Ilé-Ifẹ̀ tí ó fẹ́ gbé orí Olókun lọ, tí àwọn aláṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúró lábẹ́ ẹja yẹn, mo ń wo ojú irin tí wọ́n fi gé e. Ifẹ̀ ni ọkàn mi wà.

Èyí tí mo fẹ́ kí màmá rí ni Rouffignac. Ẹsẹ̀ rírìn kò pọ̀ níbẹ̀: ọkọ̀ ojú irin kékeré tí ń lo iná mànàmáná ni ó ń gbé ènìyàn wọ inú òkè. Mámọ́ọ̀tù, ẹ̀yà erin onírun gígùn tí ó ti kú àkúrun, ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, ojúlówó sì ni gbogbo wọn.

Bàbá_Ṣọ́wó

Ẹ ṣeun, ọmọ Àjàṣẹ́. Ó ti yé mi wàyí.

Àrẹ̀mú_Leeds

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti yọ Rocamadour àti Padirac, inú ìyàwó mi ti dùn. Ìbéèrè díẹ̀ ló kù: físà màmá, ọkọ̀ odò àwọn ọmọ, àti èwo nínú àwọn ilé olódi ni kí a mú, nítorí n kò rò pé ọmọ ọdún mẹ́jọ yóò mọ ìyàtọ̀ láàrin Beynac àti Castelnaud.

Ìyá_Tóbi (Bordeaux)

Físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà nínú ìwé ìrìnnà màmá kò ṣí ilẹ̀kùn ilẹ̀ Faransé. Schengen ni wọ́n nílò, Nàìjíríà tí wọ́n ń gbé ni wọ́n sì ti gbọ́dọ̀ béèrè fún un kí wọ́n tó kúrò nílé. Wọ́n ń gba ìwé ẹ̀bẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò. Ẹ má dúró di ìgbà tí ó bá ku oṣù kan.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ yóò mọ ìyàtọ̀ náà, bí ẹ bá sọ ọ́ fún un bí ìtàn. Ilé olódi méjèèjì ń wo ara wọn lójú ní òdìkejì odò Dordogne. Nígbà ogun ọgọ́rùn-ún ọdún láàrin ọba Gẹ̀ẹ́sì àti ọba Faransé, láti 1337 sí 1453, Castelnaud wà lẹ́yìn àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Beynac sì wà lẹ́yìn àwọn Faransé, débi pé bí ẹnì kan bá tan iná ní ojú fèrèsé ní ìhà ìhín, ọ̀tá ń rí i lọ́hùn-ún. Ẹ mú àwọn ọmọ wọ Castelnaud, nítorí pé mùsíọ́mù ohun ìjà ogun àtijọ́ ni, wọ́n sì to àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí wọ́n fi ń ju òkúta sí odi sí ìta níbẹ̀. Beynac, ẹ wò ó láti orí omi. Ibẹ̀ ni ó ti dẹ́rù bani jù.

Ní ti ọkọ̀ odò, ẹ yá a ní Cénac, ní ìsàlẹ̀ Domme, kí ẹ máa bá omi lọ títí dé Beynac. Bí wákàtí méjì ni bí ẹ kò bá dúró. Ọmọ tí yóò wọ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n wẹ̀, wọn óò sì fún wọn ní ẹ̀wù ìléfòó. Màmá lè wọ ọkọ̀ onígi pẹrẹsẹ tí wọ́n ń pè ní gabare ní La Roque-Gageac, irú èyí tí wọ́n fi ń kó igi àti wáìnì lọ sí Bordeaux láyé àtijọ́. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn àwọn ilé ní ẹsẹ̀ àpáta. Àpáta ńlá náà ń dá oòrùn padà, ó sì ń dí atẹ́gùn òtútù lọ́nà, ìdí nìyẹn tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀pẹ fi ń hù níbẹ̀. Àpáta náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ nígbà gbogbo o: ní 1957 ó já lulẹ̀ sórí ilé, ó sì pa ènìyàn.

Ọ̀tún ni wọ́n ń wakọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ọkọ̀ wíwà ní Nàìjíríà kí ẹ tó dé Leeds, ọwọ́ yín yóò tètè rántí.

Àbẹ̀kẹ́_Atlanta

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kí ẹ yọ Milandes. Ilé Josephine Baker ni. Ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní St. Louis ní 1906, tí ó jó ijó di olókìkí ní Paris, tí ó fi inki tí ojú kò rí kọ àṣírí ogun sára ìwé orin fún àwọn tí ń bá Jámánì jà, òun ló ra ilé olódi yìí ní 1947. Ibẹ̀ ni ó ti tọ́ ọmọ méjìlá tí ó gbà tọ́ láti oríṣiríṣi ilẹ̀, ọ̀kan nínú wọn láti Côte d'Ivoire, kí aráyé lè rí i pé ẹ̀yà kì í dí ọmọ ìyá lọ́wọ́ láti jẹ́ ọmọ ìyá. Gbèsè ni ó gba ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1969 wọ́n lé e jáde, fọ́tò rẹ̀ sì wà níbi tí ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìdáná tirẹ̀, tí wọn kò jẹ́ kí ó wọlé mọ́. Mo wo ìgbànú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó fi ń jó, mo wo aṣọ ológun rẹ̀, èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni bí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná yẹn ṣe kéré tó. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2021, ilẹ̀ Faransé fi orúkọ rẹ̀ sí Panthéon, ilé tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn ènìyàn ńlá wọn tó ti kú, òun sì ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Àrẹ̀mú_Leeds

Ẹ̀yin ará, a ti lọ, a ti bọ̀. Mo jẹ yín ní ìròyìn.

Domme ni a kò dé, nítorí pé ní ọjọ́ tí ó yẹ kí a lọ, odò ni àwọn ọmọ tún fẹ́. La Roque-Gageac sọ màmá di olùkọ́ fún gbogbo arìnrìn-àjò tí ó wà níbẹ̀: wọ́n di igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan mú, wọ́n ní ewé rẹ̀ ti ya jù, pé kò ní so nǹkan tí ènìyàn lè jẹ láéláé, wọ́n sì ń sọ fún obìnrin Faransé kan tí kò gbọ́ Yorùbá bí ó ṣe yẹ kí wọ́n gbé e kúrò lẹ́bàá ògiri. Obìnrin náà ń mi orí, ó ń sọ pé «oui, oui». Ní ọjọ́ kejì a dé ilé oúnjẹ kan ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a sì bá àga lórí tábìlì gẹ́gẹ́ bí Ìyá Tóbi ti wí.

Tíkẹ́ẹ̀tì méjì péré ni mo rí gbà fún Font-de-Gaume. Màmá ní kí n mú ọmọ ọdún mọ́kànlá dání, àwọn dúró sí ìsàlẹ̀ lábẹ́ igi. A rí àgbọ̀nrín méjèèjì. Bàbá Ṣọ́wó, a ti lọ sí Lascaux IV ní ọjọ́ kìíní bí Olùkọ́ ti ní kí a ṣe, ọmọ yìí ló sì kọ́kọ́ rí ahọ́n yẹn kí afinimọ̀nà tó tọ́ka sí i, nítorí pé ó ti kọ́ níbi ẹ̀dà bí wọ́n ṣe ń lo àwọn ibi tí òkúta ti yọ síta láti fi ṣe ara ẹran. Mo rò pé ìyẹn tó owó tí mo san.

Ṣùgbọ́n Rouffignac ni kò ní kúrò nínú ilé wa. Ọkọ̀ ojú irin náà ń rọra lọ nínú òkùnkùn, a ń rí kòtò tí àwọn béárì ti gbẹ́ sílẹ̀ láti sùn, àti ojú èékánná wọn lára ògiri, títí a fi dé ibi tí wọ́n ń pè ní Àjà Ńlá. Ẹran tí ó tó 65 ni wọ́n fi èròjà dúdú yà sókè níbẹ̀, mámọ́ọ̀tù, ẹṣin, ẹfọ̀n onírun, ewúrẹ́ òkè. Àwọn àlejò ayé àtijọ́ ti fi èéfín àbẹ́là kọ orúkọ ara wọn sórí wọn. Màmá bínú sí àwọn orúkọ yẹn bí ẹni pé ẹni tí ó kọ wọ́n ṣì wà níbẹ̀ tí wọn óò fà á létí.

Afinimọ̀nà wá ṣàlàyé pé wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kí ènìyàn lè nàró. Pé ní ìgbà tí wọ́n ya àwòrán náà, àlàfo tí ó wà láàrin ilẹ̀ àti àjà kò ju nǹkan bí mítà kan lọ. Dídùbúlẹ̀ ni ẹni tí ó yà wọ́n dùbúlẹ̀, kò sì lè rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Màmá dákẹ́, wọ́n wá béèrè ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, «Ta ni ó wá ń yà á fún?» Afinimọ̀nà ní kí n túmọ̀ ìbéèrè náà fún òun, nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìbéèrè tí àwọn náà ń bi ara wọn nìyẹn.

Màmá ti padà sí Ọ̀yọ́. Ní alẹ́ àná, mo ń wá ọmọ ọdún mẹ́jọ kí ó wá jẹun, mo bá a lábẹ́ tábìlì oúnjẹ. Ó ti fi téèpù lẹ ìwé mọ́ ìsàlẹ̀ tábìlì, ó dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi èédú kan há àárín ìka. Ó ní kí n má tan iná.